Bọ́ọ̀sì Màámi Tó Sùn Fún Ọdún 11

Ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn, lábẹ́ igi máńgòrò, ni bọ́ọ̀sì yẹn wà láti 2013. Ewé ti kún orí ẹ̀, táyà mẹ́rin nínú mẹ́fà ti jò tán, adìyẹ ń yé sábẹ́ síìtì dírẹ́bà. Mercedes 911 ni, èyí tí imú ẹ̀ yọ síwájú yẹn, àwọn wẹ́dà àti káfíńtà ló kan bọ́dì mólúè lé e lórí l'Ékòó, wọ́n kùn ún ní yẹ́lò, wọ́n fa ìlà dúdú sí i lára. Ẹni tó bá gbé Èkó kí BRT tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2008 mọ irú ẹ̀ dáadáa, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń rọ́ èèyàn sínú ẹ̀.

Màámi ló ni ín. Owó aṣọ títà ló fi rà á lọ́dún 1994, ó gbé e fún dírẹ́bà, dírẹ́bà ń jíṣẹ́ owó fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, owó yẹn ló rán èmi àtàwọn àbúrò mi níléèwé. Nígbà tí ọ̀nà wá ń há mọ́ mólúè l'Ékòó, ó ní kí wọ́n wà á wálé, ó tún fi kó ẹrù oko fún bí ọdún mélòó kan, àfìgbà tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun dírẹ́bà tó mọ̀ ọ́n wà, tó sì ní òun fẹ́ lọ sinmi nílùú òun. Wọ́n ní kí ọkọ̀ náà dúró fún oṣù kan ká fi wá ẹlòmíì. Oṣù kan yẹn ló di ọdún 11.

Lọ́dún 2024 àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù wọlé wá, wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń dá kílò lé e. Ó dùn mí wọra. Màámi ò bá wọn jà, ó kàn ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ bóyá ó ṣì lè sọ̀rọ̀." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí tí mo fi jókòó kọ eléyìí ni pé mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ní irú ẹ̀ nílé, bóyá jẹnẹrétọ̀ dísù tí wọ́n ti gbé sẹ́yìn ilé, bóyá tirakítọ̀ bàbá yín, bóyá lọ́rì ẹ̀gbọ́n yín tó ti lọ sílùú òyìnbó. Ọ̀pọ̀ irú ẹ́ńjìn bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jí i gan-an ni wọ́n pa á. Mo rí tirakítọ̀ kan rí lápá Ọ̀yọ́ tí kò ní àrùn kankan lára, àfi pé omi òjò ti gba sáílẹ́ńsà ẹ̀ wọlé, wọ́n gbé bátìrì tuntun sí i, wọ́n fún un ní kíkì kan ṣoṣo (kíkì ni ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì yí ẹ́ńjìn kó lè ṣáná), kọ́ńrọ́ọ̀dù ẹ̀, irin gígùn kan nínú ẹ́ńjìn, ká. Ìṣẹ́jú kan péré. Ọdún mẹ́fà tó fi dúró ò ṣe nǹkan kan fún un.

Bàbá mẹkáníìkì tá a lọ bá ti lé ní ọmọ àádọ́rin ọdún, Mushin ló ti kọ́ṣẹ́, Ìwó Road ló wà báyìí. Òun kọ́ ló ń tún ọkọ̀ yìí ṣe tẹ́lẹ̀ o, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan án rí, ẹni tó ń tún un ṣe ti kú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ọmọṣẹ́ ẹ̀ kan ti gbé bátìrì méjì dé, ó ti ń so ó pọ̀ kó lè di 24 fóòtì, ó fẹ́ fi kíkì dán an wò. Bàbá na ọwọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó kó o sápò agbádá iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Ṣé o ti bi í bóyá ó lè yí?" Ọmọ yẹn ò fèsì. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ò jáde lápò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tó jẹ́ ọkọ̀ pẹtiróòlù nìkan lẹ mọ̀, torí ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé nìyẹn. Ẹ́ńjìn dísù ò ní plọ́ọ̀gì tó ń tanná. Afẹ́fẹ́ nìkan ló máa ń fà wọlé, písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò tí wọ́n ń pè ní sílíńdà, á wá fún afẹ́fẹ́ yẹn pọ̀, ẹ́ńjìn OM352 tó wà nínú 911 yìí ń fún nǹkan tó kún àyè 17 pa pọ̀ sínú àyè ẹyọ kan. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ tó báyẹn á gbóná gan-an, tó bá wá ku díẹ̀ kí písítìnì dókè, nọ́sù, ẹnu irin kékeré tí dísù ń gbà wọlé, á tú dísù sínú ẹ̀ bí ìrì, dísù á gbiná fúnra ẹ̀. Rudolf Diesel, ará Jámánì, ló ronú ẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí láàárín 1892 sí 1893, 1897 ni èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa jáde ní Augsburg, kódà nígbà àfihàn ńlá tí wọ́n ṣe ní Paris lọ́dún 1900 òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ọ̀kan níbẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró ẹ̀pà sí tiyín o, ti ìgbà yẹn yàtọ̀.)

Tí ẹ bá ti mọ ìyẹn, ẹ ti mọ ohun tí oorun ọdún mọ́kànlá lè bà jẹ́. Tí ríìnì písítìnì, òrùka irin tó yí i ká, bá lẹ̀ mọ́ ojú ihò tí wọ́n wà, afẹ́fẹ́ á máa jò kọjá, kò ní gbóná tó, iná ò ní ràn. Tí fáàfù kan, ìlẹ̀kùn tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé tàbí èéfín jáde, bá gan sílẹ̀ ní ṣíṣí, bákan náà ni, ó sì tún lè ká pọ́ṣìrọ́ọ̀dù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tì í ṣí. Tí omi bá wọ sílíńdà, omi ò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, irin ló máa fi ara fún un. Gbogbo ìwọ̀nyí, ọwọ́ èèyàn máa mọ̀ ọ́n lára tó bá rọra yí ẹ́ńjìn náà, ọwọ́ á gbọ́ pé nǹkan dá òun dúró, á sì dúró. Kíkì ò mọ ìyẹn. Kíkì kàn máa lọ ni.

Nítorí náà nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la kọ́kọ́ tú. Bàbá ní kí àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ tò wọ́n sórí pákó bí wọ́n ṣe wà lára ẹ́ńjìn, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìdí kọ̀ọ̀kan, ó wá ní kí wọ́n ka bí iná ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ iléèwé: 1, 5, 3, 6, 2, 4. Wọ́n da ọ́ìlì pupa ti gíà ọtomátíìkì pọ̀ mọ́ dísù díẹ̀, wọ́n fi ike onímú gígùn rọ ọ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi rágì dí i. Bàbá ní ká fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó lọlé.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn a ò jókòó ṣá. A tú ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, eku ti fi ewé àti òwú inú síìtì kọ́ ilé tó kún họ́ọ̀sì ńlá yẹn bámúbámú. Ká ní ẹ́ńjìn ti ṣáná láìyọ ọ́, gbogbo ẹ̀ ni ì bá fà wọnú sílíńdà. Agbọ́n ti fi amọ̀ dí ẹnu sáílẹ́ńsà. Omi inú rédíétọ̀ ti di pupa bí omi ilẹ̀ pupa lẹ́yìn òjò, a fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. A tú nọ́ọ̀tì ìdí sọ́ọ̀ǹpù, ibi tí ọ́ìlì ẹ́ńjìn ń gbé nísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, omi bí ìdajì ife ló kọ́kọ́ kán kí ọ́ìlì tó tẹ̀lé e, Bàbá sì ní kò burú, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń di omi lálẹ́ lára irin tútù, ọdún kan á fi díẹ̀ sílẹ̀, ọdún kejì á fi díẹ̀ kún un. Ohun tí òun ń bẹ̀rù ni kí ọ́ìlì funfun bí ògì, ìyẹn á túmọ̀ sí pé omi rédíétọ̀ ń gba inú gásíkẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọ́ìlì tiwa dúdú, kò funfun. A sọ pé ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Tánkì ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé dísù kàn máa gbó ni. Nígbà tá a tú u, ohun tó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe dísù, omi ni, lẹ́yìn omi nǹkan dúdú kan tó ń fà bí ewédú jáde, ó ń yọ̀, ó ń rùn bí ìdọ̀tí gọ́tà, ó tò sínú báfù tí kò fẹ́ tán. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Kòkòrò àìfojúrí àti irú àwọn nǹkan tó ń bu lára búrẹ́dì ló ń gbé ní ìsàlẹ̀ tánkì, níbi tí omi àti dísù ti pàdé, omi ni wọ́n fi ń gbé, dísù ni wọ́n ń jẹ. Tánkì yẹn wá di ilé tó dáa fún wọn, torí ìdajì ni dísù tó wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n páàkì, ìdajì tó ṣófo ni afẹ́fẹ́ tó lọ́rinrin wà, òun ló ń di omi. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ọkọ̀ dísù kan máa dúró pẹ́, ẹ rọ tánkì kún dé ẹnu tàbí kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n gbẹ. Ìdajì ni kò dáa.

Lọ́jọ́ kẹrin Bàbá padà dé. Ó gbé sípánà ńlá sí nọ́ọ̀tì púlè iwájú, ó fi páìpù gùn ún, ó ní kí èmi wá dì í mú pẹ̀lú òun. "Àǹtí, ẹ má fi agbára sí i, ẹ kàn fara tì í." Mo fara tì í. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ó ní ká tú u sílẹ̀, ká dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, ká tún fara tì í. Bí ẹni ń mi eyín tó ń mì. Ní bí ìgbà kẹfà, mo gbọ́ ọ lọ́wọ́ mi kí n tó gbọ́ ọ létí, nǹkan kan já wẹ́rẹ́ nínú lọ́hùn-ún, páìpù náà sọ̀ kalẹ̀ bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ọ́ìlì pupa fọ́n jáde nínú ihò kẹta. Bàbá rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo, Màámi sáré jáde látinú ilé, ó rò pé mo fara pa.

Ó ń yí, ṣùgbọ́n Bàbá ò tíì gbà. Ó tú tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìdérí tó bo àwọn fáàfù lókè ẹ́ńjìn, ó ní ká máa yí i, òun ń wo fáàfù méjèèjìlá bí wọ́n ṣe ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ọ̀kan ò padà. Fáàfù èéfín ti sílíńdà karùn-ún wọlé tán, kò jáde mọ́. Ó ta ọ́ìlì sí ìdí ẹ̀, ó fi ìdí hámà onígi gbá a pẹ́, pẹ́, ó dúró, ó tún gbá a. Wákàtí kan ó lé. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kàn gbá a dáadáa kó kúrò níbẹ̀, ó ní ọrùn ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó bá tẹ̀ báyìí a máa tú tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìn, tá a bá tú tọ́ọ̀pù iṣẹ́ ti di iṣẹ́ mìíì. Nígbà tó wá padà sókè lójijì, tó ró kọ̀ọ́, ó fi ìka pa á lórí bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Nọ́sù la gbé lọ sí Agodi-Gate fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán an wò. Mẹ́rin ń tú dísù bí ìrì, méjì ń kán, wọn ò tú. A pààrọ̀ ẹnu àwọn méjì yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ nǹkan kan níbí, ẹ jọ̀ọ́, torí mo rí ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń fi ìka ṣeré níwájú ẹ̀. Táyà ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, tí fọganáísà bá fọ́n ọn dé bí 100 lórí gééjì ẹ̀, ó ti le koko. Nọ́sù yìí ò ní ṣí títí dísù fi máa tì í dé bíi 2,900 lórí gééjì kan náà. Dísù tó jáde pẹ̀lú agbára báyẹn máa wọnú ẹran ara èèyàn bí abẹ́rẹ́, ojú ibi tó gbà wọlé máa kéré tí ẹ ò ní kà á sí, inú ọwọ́ á sì máa kú. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe lọ́la, kì í ṣe ká fi omi gbóná ra á.

Kí wọ́n tó dá nọ́sù padà, Bàbá ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù dísù. Ẹ máa rí pìlọ́ńjà mẹ́fà níbẹ̀ tí wọ́n tò bí eyín, àti irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gba ẹ̀yìn gbogbo wọn kọjá, ráàkì ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ iye dísù tí wọ́n máa tì jáde. Ó yẹ kó máa lọ kó máa bọ̀ lábẹ́ ìka. Ti wa ò mira. Ibi tó sì gan sí, ibi tí dísù ti pọ̀ jù ni. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ká ní ó ṣáná báyẹn, eré àsápajúdé ni ẹ́ńjìn náà máa sá, á máa pọ̀ sí i ni, ẹ máa yí kọ́kọ́rọ́ kò ní kú, ẹ máa fa wáyà tó fi ń kú kò ní kú, torí ráàkì kan náà ni wáyà yẹn ń fà, á máa sáré lọ títí nǹkan fi máa já nínú ẹ̀ tàbí tó máa fọ́n ká. Ohun tó lè tètè dá a dúró nígbà náà ni kẹ́ ẹ gba afẹ́fẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Bàbá fi dísù tuntun fọ ráàkì yẹn, ó ń fi ìka tì í, ó ń fi ìka fà á, títí ó fi ń lọ bí ọ̀bẹ nínú bọ́tà, síbẹ̀ náà ó ní kí ọmọṣẹ́ kan mú pákó pẹlẹbẹ àti rágì tútù dúró síwájú ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́, kó má kúrò níbẹ̀ àfi tí òun bá ní kó kúrò.

Lẹ́yìn náà la wá lé afẹ́fẹ́ inú dísù jáde. A da dísù tuntun sí tánkì tá a ti fọ̀, a fi fílítà tuntun sí i, ọmọ kan ń tẹ háńdì-pọ́ǹpù, a tú bóòtì orí fílítà, fóòmù ni, fóòmù, lẹ́yìn náà dísù tó mọ́ gaara, a dì í, a bọ́ sí ti ara pọ́ǹpù, bákan náà. Páìpù nọ́sù la tú gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kẹsàn-án, ní bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kọ́kọ́rọ́ jáde látinú àpò.

Bàbá fún un ní kíkì fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó dúró kí kíkì tutù. Ẹ̀ẹ̀kejì. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ìyẹn dísù tó ń dé ibẹ̀ tí kò tíì jóná, ìròyìn ayọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, sílíńdà kan mú un, ó ní gbọ̀, omíì mú un, gbọ̀-gbọ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, adìyẹ tú ká. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ lé orí.

Ìṣẹ́jú méjì, ó kú.

A tún lé afẹ́fẹ́ jáde, ó tún ṣáná, ìṣẹ́jú méjì, ó kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀ náà. Ọkùnrin kan tó ń ṣe pọ́ǹpù ládùúgbò ti dé nígbà yẹn, ó wò ó, ó ní pọ́ǹpù ti lọ, pìlọ́ńjà ti jẹ, ká tú u kí òun gbé e lọ, ó dárúkọ owó kan tó mú kí gbogbo wa dákẹ́. Bàbá náà ti rẹ̀ ẹ́, ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Màámi ò mọ ọkọ̀ wà, kò sì mọ orúkọ nǹkan márùn-ún nínú ẹ́ńjìn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n rà sí ọkọ̀ yẹn tí kò kọ sílẹ̀. Ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé ni, mẹ́ta ti kún, ó di wọ́n pọ̀ pẹ̀lú okùn aṣọ. Ó ní kí n ka ti ìparí. Oṣù karùn-ún 2013: "pọpu dizu, kalibreto, nosu 6", àti iye owó, àti "o gba mi ni ọjọ mẹta". Oṣù kẹjọ 2013 ni wọ́n páàkì ọkọ̀. Ìyẹn ni pé pọ́ǹpù yẹn ò ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe tán. Kí ló máa jẹ pìlọ́ńjà ẹ̀? Mo ka ìlà yẹn sókè fún Bàbá. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá sọ fún ọkùnrin yẹn pé kó ṣe é jẹ́jẹ́, a ò tíì fẹ́ tú nǹkan kan.

Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó tú bóòtì orí fílítà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìn kú. Tó bá jẹ́ pé ibì kan ń fa afẹ́fẹ́, fóòmù ló yẹ kó jáde. Kò sí fóòmù. Kò sí dísù náà. Gbẹ. Ó tẹ háńdì-pọ́ǹpù, ó lọ sílẹ̀, àmọ́ nígbà tó fẹ́ gbé e padà sókè ó ń le mọ́ ọn lọ́wọ́, bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ìka dí ẹnu sírínjì tẹ́ ẹ wá ń fa ìdí ẹ̀. Nǹkan kan dí láti tánkì wá. A tú họ́ọ̀sì, ọmọ kan fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀, ó gbà á kọjá, a gbọ́ ọ tó ń hó nínú tánkì. Kò dí! Gbogbo wa wo ara wa.

Bàbá ní kí wọ́n gbé kéégì dísù mọ́ kan wá, kí wọ́n wá họ́ọ̀sì ike tuntun, kí wọ́n so ó tààrà mọ́ háńdì-pọ́ǹpù, ká fi tánkì àti gbogbo páìpù ẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ kíkì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló gun báńpà, ó gbé kéégì yẹn lé èjìká. Ẹ́ńjìn ṣáná. Ìṣẹ́jú méjì kọjá. Márùn-ún. Èéfín funfun tán, ohùn ẹ̀ wá balẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí 911 ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú ogún. Ọmọ yẹn ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba kéégì lọ́wọ́ òun. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, kéégì kan àti họ́ọ̀sì kan pín ọ̀rọ̀ sí méjì: gbogbo ohun tó wà lápá ẹ́ńjìn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, pọ́ǹpù ti bọ́, nọ́sù ti bọ́, apá tánkì nìkan ló kù.

Họ́ọ̀sì rọ́bà tó so páìpù tánkì mọ́ ẹ́ńjìn, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ara ẹ̀ dán, kò sán, kò jò. Bàbá fi ọ̀bẹ là á ní gígùn lórí òkúta. Rọ́bà tó wà ní inú ti ṣí kúrò lára tìta, ó wú, ó rọ̀ bí awọ pọ̀nmọ́, ó sì fi etí kan sílẹ̀ tó dojú kọ tánkì. Tí ẹ́ńjìn bá ń fa dísù, etí yẹn á dìde, á di ọ̀nà pa. Tá a bá fẹnu fẹ́ ẹ láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìn, á sùn lélẹ̀, á gba afẹ́fẹ́ láàyè. Ó fi ìka gbé e sókè, ó tún fi ìka tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó fi hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ọkùnrin tó ń ṣe pọ́ǹpù. Ọkùnrin yẹn mú un, ó wò ó pẹ́, ó ní òun ò rírú ẹ̀ rí. Èèyàn dáadáa ni, ó dúró tì wá títí ilẹ̀ fi ṣú.

Bọ́ọ̀sì náà ò tíì kúrò lẹ́yìnkùlé o. Búréèkì ṣì wà tá a máa tún ṣe, kílọ́ọ̀ṣì lẹ̀ mọ́ra, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ká pààrọ̀, bọ́dì fẹ́ wẹ́dà. Àbúrò Màámi tó ń dáko ní Ìdó ti ń bèèrè ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó pákí òun lọ sí Bódìjà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo wá họ́ọ̀sì nínú ìwé, ìwé kejì ni mo ti rí i, 1999, ẹyọ ẹ̀ẹ̀kan péré, kò tún sí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Màámi gba ìwé ìparí lọ́wọ́ mi, ó wá báírò, ó kọ déètì. Ó ní èló ni họ́ọ̀sì, mo sọ fún un. Ó ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó, mo ní mẹ́ta. Ó kọ ọ́. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ tó gbé kéégì yẹn, ṣé ẹ fún un ní nǹkan?"